Ẹsẹ̀ Aboyún Rore

Títí di òní, tí mo bá mú abẹ́rẹ́ láti gba ẹ̀jẹ̀ aboyún, ohùn obìnrin Rore yẹn ni mo máa ń gbọ́: “Àǹtí nọ́ọ̀sì, tí ẹ bá rí nǹkan níbẹ̀, kí lẹ máa ṣe sí i?”

Lórí gbogbo àyẹ̀wò ló máa ń bi mí bẹ́ẹ̀ ní ọsibítù wa l'Ómù-Àrán. Tí mo bá dáhùn, á na apá. Ṣùgbọ́n ó kọ sikáànù lẹ́ẹ̀mẹta. “Kí ẹ kàn máa wo ọmọ mi lásán?” Inú máa ń bí mi. Nítorí ìbínú mi ló ṣe gbà níkẹyìn.

Dókítà rí i pé ẹsẹ̀ ọmọ náà kan wọ́, ó yí sínú. Mo di ọwọ́ obìnrin náà mú, mo rò pé yóò sunkún.

“Kí lẹ máa ṣe sí i?”

Dókítà ní tí wọ́n bá ti bí i, àwọn á máa fi POP dè é títí yóò fi tọ́.

“Alihamudulilai.” Ó ká jalabíà rẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ sókè. Ẹsẹ̀ òun náà kan wọ́. Èmi tí mo rò pé oyún ló ń jẹ́ kó máa tiro!

“Kò sẹ́ni tó tún tèmi ṣe,” ó ní. “Ẹsẹ̀ yìí náà ni mo fi ń rìn wá bá yín láti Rore.”