Bí Má Mira Ṣe Fara Pamọ́ Níbi Ìgbéyàwó

Má Mira ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ mi. Wọn ò fi bú u o. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń ya fọ́tò, ohun kan náà ló sì ń sọ fún ọmọ ọwọ́ àti fún arúgbó tí kò tiẹ̀ lè mira mọ́: "Ẹ má mira!" Tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù wa, á gbé àgbọ̀n yín sókè, á tẹ èjìká yín sílẹ̀, á to ìka yín sórí orúnkún lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá ní kẹ́ ẹ pa ẹnu dé. Tẹ́ ẹ bá fi lè rẹ́rìn-ín, ẹ ti ba iṣẹ́ ọnà jẹ́ nìyẹn. Kò sílé tẹ́ ẹ máa wọ̀ ládùúgbò wa tẹ́ ò ní bá fọ́tò tó yà lára ògiri, tí gbogbo àwọn tó wà nínú ẹ̀ á máa wò yín bí ẹni pé ẹ wá jí nǹkan.

Èmi ni ìyàwó rẹ̀. Èmi ni mò ń gé fọ́tò, èmi ni mò ń tò ó sínú álíbọ́ọ̀mù, èmi ni mò ń gbálẹ̀, èmi náà ni mò ń sáré tẹ̀ lé oníbàárà tó bá ti fi ìkanra lé jáde. Kámẹ́rà nìkan ni mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, àfi tó bá jẹ́ fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà. Ó ní ọwọ́ mi yá jù. Ẹ ṣáà ń gbọ́ ẹ̀sùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Tuesday kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé tòun ti ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí ló ń tún aago ṣe nípẹ̀kun òpópónà wa, Bàbá Aláago là ń pè é. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi gidi, ti kú láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọmọ yìí nígbà yẹn. Ní báyìí ó ti fẹ́ lọ sílé ọkọ, wọ́n wá ṣàlàyé irú fọ́tò àti fídíò tí wọ́n fẹ́ fún wa.

Ọkọ ìyàwó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun fẹ́ fídíò bíi ti sinimá. Kí wọ́n ya òun níbi tóun ti ń de bọ́tìnì, kí wọ́n ya bàtà òun lọ́tọ̀, kóun wá máa rìn bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń rìn nínú omi, kí ẹ̀rọ kan tó ń fò sì máa yí òun ká lókè. Mo wo ọmọkùnrin yìí látòkè délẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, òǹtẹ̀ ló ń lù sórí lẹ́tà látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Mo ní, "Ọkọ wa, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ̀yin náà máa fò ni?"

Ó ní, "Rárá o, Mọ́mì. Ẹ̀rọ yẹn nìkan ni." Ó fi gbogbo ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọmọ gidi ni.

Ọkọ mi húkọ́. Ó ní irú fọ́tò mẹ́rin ló wà láyé yìí: ti ìdúró, ti ìjókòó, ti ìdajì ara, àti ti gbogbo ẹbí. Ó ní kí wọ́n mú èyí tó bá wù wọ́n níbẹ̀.

Ìyàwó ní, "Dádì kékeré, mi ò fẹ́ èyí tẹ́ ẹ máa tò wá bí ìgò. Èyí tẹ́nikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ẹ ń ya òun ni mo fẹ́."

"Kí n máa yọ́ kẹ́lẹ́ kiri bí olè? Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi?"

Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má bínú o. Fọ́tò mẹ́tàdínlógún ni mo ní tí màmá mi wà níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì ya gbogbo ẹ̀. Wọn ò rẹ́rìn-ín nínú ẹyọ kan. Mo máa ń tò wọ́n síwájú mi, màá máa gbìyànjú kí n rántí bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Kì í wá mọ́. Dádì mi nìkan ló kù báyìí. Ẹ bá mi ya ẹ̀rín wọn, ẹyọ kan péré. Tí mo bá ti rí ìyẹn, ẹ ṣe ìyókù bó ṣe wù yín."

Ọkọ mi yíjú sí àwọn fọ́tò tó wà lára ògiri. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún dọ́kàn, torí kò bínú rárá. Ó ní, "Màá yà á."

Ẹ ò rí ìyà tó jẹ mí lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní òun fẹ́ fi mí kọ́ṣẹ́. Mo ń rẹ́ àlùbọ́sà nílé ìdáná, mo gbọ́ "ká!" ti kámẹ́rà lẹ́yìn fíríìjì. Mo ń ká aṣọ, mo rí ojú kan lábẹ́ tábìlì, ẹ̀mí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ó ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ, kí n ṣe bí ẹni pé òun ò sí nílé. Mo ní ìyẹn ò le, bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn tí iṣẹ́ ilé bá ti pọ̀.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ti fọwọ́ síwèé, gbogbo wa ti wọ gbọ̀ngàn, ó kù kí ọkọ mi fara pamọ́. Kí lẹ rò pé ó ṣe? Ó gun orí àga, ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀! Lónìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ̀ pé mò ń ya òun. Ẹ ṣe bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe. Ẹ má wojú mi o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá òsì, ẹ ṣe bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ti tó. Ẹ má mira!"

Ẹ gbà mí o! Ọgọ́ta èèyàn yí ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn kan ń wo àjà, àwọn kan ń wo bàtà ara wọn, kò sẹ́ni tó mí. Ẹni tó bá rí fọ́tò yẹn á rò pé àrùn ọrùn ló wọ̀lú. Ní ti ọkọ ìyàwó, a ò rí ẹ̀rọ tó ń fò gbà, àmọ́ kò tìtorí ìyẹn jáwọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti dé ìdí tábìlì, ó ti jókòó, ó ti mu omi, òun ṣì ń rìn bọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni ọ̀dọ̀ Bàbá Aláago. Tí ẹnì kan bá sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, ẹ máa rí i tí ẹnu rẹ̀ á fẹ́ là. Bí àbúrò rẹ̀ bá ti gbé kámẹ́rà báyìí, pàì, ó ti pa á dé. Á gbé àgbọ̀n sókè, á to ìka sórí orúnkún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe é. Láti ìdí tábìlì lọ́hùn-ún, ìyàwó ń wò wọ́n. Ó ń kí àwọn èèyàn, ó ń dúpẹ́, àmọ́ ojú rẹ̀ ò kúrò lára bàbá rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé oúnjẹ ò wù mí jẹ.

Ọkọ mi wá bá mi, òógùn bò ó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ò ṣe nǹkan kan ju ohun tí mo kọ́ wọn lọ." Ó bọ́ kámẹ́rà kejì kúrò lọ́rùn, ó fi kọ́ mi lọ́rùn. "Bá mi gbé e dání. Má tẹ nǹkan kan o." Ó bá yọ́ lọ sẹ́yìn kọ́tìnì tó wà nítòsí àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Gbogbo ara rẹ̀ ló bò, bàtà rẹ̀ méjèèjì ló ta yọ. Ikùn rẹ̀ náà gbé kọ́tìnì yẹn síwájú bí ẹni tó lóyún. Ó ń na ọrùn kó lè ríran, ó fa kọ́tìnì mọ́ra, ni irin òkè bá yọ. Gbòà! Irin, aṣọ, ọkọ mi, gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀ síwájú Bàbá Aláago. Aṣọ wé e mọ́lẹ̀ látorí dẹ́sẹ̀, ó ń yí kiri, ohùn kan sì ń ti inú ẹ̀ jáde pé, "Ẹ má mira! Mi ò sí níbí!"

Bàbá Aláago bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ láti ọdún mọ́kànlá! Ó la ẹnu tán, omi ń jáde lójú rẹ̀, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì lórí àga. Wọ́n ní kí n má tẹ nǹkan kan. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ìka fi ń ro mí.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ mi ṣí fọ́tò náà sójú kọ̀ǹpútà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àbùkù ẹ̀, torí èmi ni mo yà á. Orí wọ́. Irin kọ́tìnì wọ inú ẹ̀. Ó ní, "Wo ọwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe na gbalaja sínú afẹ́fẹ́. Kí ni wọ́n fẹ́ dì mú níbẹ̀? Jẹ́ kí n gé e kúrò."

Ọmọ náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ má gé e, Dádì kékeré. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó fa kọ̀ǹpútà sún mọ́ ara rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ yẹn. Ó ní, "Apá òsì ni màmá mi máa ń jókòó sí. Tí nǹkan bá pa dádì mi lẹ́rìn-ín, ṣe ni wọ́n máa ń wó lu màmá, wọ́n á di èjìká màmá mú. Màmá á ní, 'Ẹ máa tẹ̀ mí pa o!' Màmá náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín." Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Kì í dún. Ẹ̀rín màmá mi, kì í dún rárá. Ṣe ni gbogbo ara wọn máa ń gbọ̀n."

Òótọ́ ni. Bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nìyẹn. Èmi tí mo pera mi lọ́rẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ti gbàgbé. Mo jókòó sórí àpótí, mo sunkún.

Ọkọ mi gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ó bi í pé báwo ló ṣe fẹ́ kóun tẹ fọ́tò náà jáde.

Ọmọ náà ní kó tẹ̀ ẹ́ gbàǹgbà, kí ààyè màmá òun tó wà lábẹ́ ọwọ́ yẹn hàn dáadáa.