Ogójì Ẹyin Òpìpì

Mi ò ní parọ́ fún yín, ọkọ mi Mùyídéènì mọṣẹ́. Ní gbogbo Alékúwodò, ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ ni wọ́n ń wá tí wọ́n bá fẹ́ ẹ̀rọ tó ń sàba lé ẹyin bí àgbébọ̀. Àmọ́ orí kunkun rẹ̀, ẹ má bi mí!

Màmá Àpìkẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà ní Iléṣà. Màmá ń sin adìyẹ òpìpì, ìran èyí tí ìyá tiwọn fi sílẹ̀ fún wọn. Lọ́dún tó kọjá, àrùn wọ inú àgò, ó pa gbogbo wọn. Ogójì ẹyin ló ṣẹ́ kù. Màmá fi aṣọ dì wọ́n wá sí Òṣogbo.

"Mùyídéènì, ìwọ̀nyí nìkan ló kù o."

Aago méjì ló wà nínú ẹ̀rọ tó kó wọn sí. Ọ̀kan ń tan gílóòbù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, á tún pa á fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìkejì ń wo ooru ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, á kọ ọ́ sójú fóònù. Gbogbo ohun tó ń kọ ló dọ́gba, inú ọkọ mi ń dùn.

Lọ́jọ́ kẹta, Màmá ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ, wọ́n sì fi í síbẹ̀ pẹ́ díẹ̀.

"Ooru yìí ń lọ, ó ń bọ̀ o. Ó fẹ́ẹ̀ jó mi, ó tún tutù."

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko! Màmá, ẹ̀rọ kì í parọ́."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Háà, ẹ̀rín yẹn ń dùn mí títí dòní.

Ọjọ́ kọkànlélógún pé, kò sí ọmọ kankan. Màmá tún ní sùúrù ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n wá fọ́ ẹyin kan, wọ́n wò ó, wọ́n ká aṣọ wọn, wọ́n wọkọ̀ padà sí Iléṣà. Wọn ò bá a jà. Ì bá sàn kí wọ́n jà.

Oṣù mẹ́ta ni ọkọ mi fi dúró ti ẹ̀rọ yẹn. Á mú kí gílóòbù máa tàn, kó máa kú kíákíá, á tún mú kó falẹ̀, á máa wo bí ooru ṣe ń tẹ̀ lé e nígbà kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ lọ́rọ̀ ti tú. Títàn àti kíkú gílóòbù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, iye kan náà tí aago kejì fi ń dúró kó tó tún wò. Gbogbo ìgbà tí aago kejì bá yọjú, ibì kan náà ló ń bá ooru. Kò bá a rí nígbà tó gbóná jù, kò sì bá a nígbà tó tutù jù. Ọwọ́ Màmá ló bá a.

A lọ tọrọ àforíjì. Mùyídéènì dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé títí, ó tilẹ̀ yà á sórí ìwé. Màmá gbọ́ ọ parí.

"Mo ti foríjì ọ́, ọmọ mi. Ṣé o ti tún un ṣe?"

"Ó ti dáa, Màmá. Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé."

Màmá wo àgò òfìfo tó wà lẹ́yìnkùlé.

"Ó dáa. Kí la ó wá kó sínú ẹ̀ báyìí?"