Ọwọ́ Tí Ọmọ Náà Jókòó Lé

Ní ọdún kejì mi ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Iléṣà, láàárín àwọn ọdún 1990, olùkọ́ kan wọlé tọ̀ wá wá, ó ní ẹni mẹ́ta ló ń gbé inú ènìyàn kan ṣoṣo. Ọ̀kan dà bí ọmọ ọwọ́: ohun tó bá wù ú ló fẹ́ gbà, ojú ẹsẹ̀ ló sì fẹ́ ẹ. Ọ̀kan dà bí baba àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń bá gbogbo ilé wí. Ẹnì kẹta ni ìyàwó ilé tó wà láàárín àwọn méjèèjì, tó ń wá bí ilé kò ṣe ní tú. Ó ní àwọn oníṣègùn ọkàn nílẹ̀ Òyìnbó ló rí i bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tí ojú ọmọ bá rí kó tó pé ọdún mẹ́fà, bí ọmọ bá tilẹ̀ gbàgbé ohun náà, ohun náà kò gbàgbé ọmọ.

Mo gbé ẹ̀kọ́ náà mì láìjẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń jẹ ìdí bírò. Mo ní wọ́n tètè já a lẹ́nu ọmú ni. Èkejì kì í yá ẹnikẹ́ni ní ṣúgà. Mo ní wọ́n fi ipá kọ́ ọ láti jókòó lórí póò. Wọ́n ní kí n panu mọ́, èmi kò gbọ́. Ọmọ Òṣómàáló ni mí. Bí ọjà tuntun bá bọ́ sí wa lọ́wọ́, a ó kiri rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ẹni tí kò fẹ́ rà.

Nígbà tí wọ́n pín wa lọ kọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkè Fíà, l'Óṣogbo, ni wọ́n gbé mi lọ, ní kíláàsì kìn-ín-ní. Olùkọ́ wa ní kí kálukú mú ọmọ kan, kó fi odidi sáà kan wo ìwà rẹ̀, kó sì kọ ohun tó bá rí. Èmi kò wá tèmi jìnnà. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí kì í sọ̀rọ̀, tí kì í kọ nǹkan kan sínú ìwé. Yóò ti ọwọ́ òsì bọ abẹ́ itan, yóò jókòó lé e, yóò sì máa wo pátákó títí agogo yóò fi lù. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo ní ìbẹ̀rù ló ń ṣe é, mo sì fa ìlà sí i nídìí.

Tíṣà kíláàsì náà ní kí n má fi àkókò mi ṣòfò. Ọ̀gá ilé-ìwé, ìyá kan tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, sọ fún mi pé òun àti bàbá ọmọ náà ti fẹnu kò. Bí kò bá lè kọ ohunkóhun ní ọjọ́ tí sáà bá parí, wọn yóò mú un kúrò ní ilé-ìwé, yóò lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ l'Ìperindó, yóò máa bá a ṣe oko. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni wọn yóò jẹ́ kó kàwé. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun ọ̀sán. Ọmọ ọdún mẹ́fà, wọ́n ti bá a ka ìwé rẹ̀ tán.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo gba ilé wọn lọ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, ó ń rẹ́ pákó lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níwájú ilé. Ìyá rẹ̀ tẹ́ ẹní fún mi, ó gbé omi wá. Ó yẹ kí n béèrè àlàáfíà gbogbo ilé ná, kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo kọ ìbéèrè sí ti wà lórí itan mi.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ oṣù mélòó ni nígbà tí ẹ já a lẹ́nu ọmú? Ṣé ewúro ni ẹ fi pa ọmú, àbí ẹ gbé e lọ sílé ẹlòmíràn? Báwo lẹ sì ṣe kọ́ ọ láti máa yàgbẹ́?"

Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀, ó wá wò mí. "Àǹtí, ṣé ìgbẹ́ ọmọ mi ni ìjọba ní kí ẹ wá kọ sílẹ̀?"

Ọkọ rẹ̀ gbé ayùn sílẹ̀. "Ẹ má bínú, tíṣà. Alihamudulilahi, kò sí ohun tó ṣe ọmọ wa. Bí wọ́n ṣe tọ́ àwa náà la ṣe tọ́ ọ. Orí ìwé ni Ọlọ́run ò fún un." Wọ́n sìn mí dé ojú títì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí a ṣe ń sin ẹni tí a kò fẹ́ kó padà wá.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ mo lọ sílé l'Iléṣà, èmi àti ìyá mi jọ ń ṣa ẹ̀wà, mo ń rojọ́ fún un. Nígbà tí mo dé ibi tí ọmọ náà ti ń jókòó lé ọwọ́ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni uwọ ṣe ń jókòó."

Mo ní èmi kọ́. Ó ní èmi ni. Ó ní ọwọ́ òsì ni mo bá wáyé; òun ni mo fi ń jẹun, òun ni mo fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, tí ojú sì ń ti gbogbo ilé. Ìyá bàbá mi ya aṣọ, ó fi de ọwọ́ náà mọ́ mi lára láti ìgbà òjò títí ọyẹ́ fi dé, títí ọ̀tún fi gba iṣẹ́. Ó ní ní gbogbo àkókò náà, n kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

N kò rántí ẹyọ kan nínú rẹ̀, èmi tí mo mọ ìtàn ọmú gbogbo ènìyàn. Mo wo ọwọ́ òsì mi tó wà nínú ẹ̀wà bí ẹni ń wo àlejò. Lẹ́yìn náà ni nǹkan méjì sọ sí mi lọ́kàn: òórùn aṣọ tí òógùn ti gbẹ mọ́, àti eṣinṣin kan tó bà lé ọwọ́ náà tí n kò lè gbọ̀n ọ́n kúrò. Mo sunkún. Mo bínú sí ìyá mi, mo sì sọ ọ́ lójú rẹ̀. Kò bá mi jà.

"Mo bẹ̀ wọ́n títí," ó ní. "Ìyàwó ulé ni mí nígbà náà. Ta ni yóò gbọ́ tèmi?"

Gbogbo ìbéèrè ọmú àti ìgbẹ́ tí mo gbé lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, asán ni. Ohun tó ń ṣe ọmọ náà wà níwájú mi lójoojúmọ́, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sílẹ̀ láìmọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí àwọn yòókù jáde lọ ṣeré, mo mú un lọ sẹ́yìn kíláàsì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fi ọwọ́ òsì mi mú igi kékeré kan, mo kọ A sínú iyanrìn. Ó wọ́ bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Mo na igi náà sí i. Ó wo ọ̀nà ọ́fíìsì, ó wo ojú mi, ó wá rọra mú ọwọ́ òsì jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó kọ A, ó kọ B, kò sì dúró. Gbogbo ohun tí a ti kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Àǹtí, ẹ má sọ fún wọn."

Mo ní n kò ní sọ. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún wọn. A ṣe àdéhùn. Ọ̀tún ni yóò fi máa gba nǹkan, ọ̀tún ni yóò fi máa jẹun, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ti òsì ni pẹ́ńsù. Ojoojúmọ́ la ń lọ sẹ́yìn kíláàsì, ìwé rọ́pò iyanrìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tí sáà parí, bàbá rẹ̀ wá, ó dé fìlà. Ọ̀gá ilé-ìwé na ṣọ́ọ̀kì sí ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọ̀tún gbà á, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Nígbà tó dé iwájú pátákó, ó pààrọ̀ ọwọ́. Gbogbo kíláàsì ní, "Hà!" Tíṣà kíláàsì dìde, ṣùgbọ́n mo ti dìde ṣáájú rẹ̀, mo sì dí i lọ́nà.

"Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́, sà."

Ó kọ orúkọ ara rẹ̀. Ó kọ ti bàbá rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe kùn ún sára ṣọ́ọ̀bù, kò fo lẹ́tà kan. Ó wá kà á jáde ketekete. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ títí ọ̀gá fi ní ó tó, ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì ń pàtẹ́wọ́ lọ. Èmi gbàgbé pé olùkọ́ ni mí, mo fò sókè. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí bíi mélòó kan lẹ́yìn ìgbà náà. Kò sí èyí tó dùn mọ́ mi nínú tó ìyẹn.

Bàbá rẹ̀ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó rìn lọ síbi pátákó, ó sì fi ìka tọ orúkọ rẹ̀ lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì.

Ọ̀gá bi í pé, "Ìperindó wá ńkọ́, Bàbá?"

"Kò lọ mọ́, mà."

Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn ọmọ má baà gbọ́. "Tíṣà, tí ẹnikẹ́ni ò bá sí nítòsí, òsì ni mo fi ń kan ìṣó."