Ìgbà tí Wọ́n Ní Kí Màmá Wa Tijú

Ìgbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé ní Ìkòsí, òórùn tòmátò ló máa ń jí wa láàárọ̀. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń kó o bọ̀ láti Òkè Ọya á ti já ẹrù sí Mile 12 kí ilẹ̀ tó mọ́, atẹ́gùn á sì gbé òórùn èyí tó ti rọ̀ wá bá wa lórí ẹní. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní agbègbè Kétu nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí àwọn tó ní in ń fi okùn gbé e kọ́rùn kí gbogbo ayé lè rí i, ẹ ó mọ òórùn tí mò ń wí. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ọ níbikíbi, ńṣe ló máa ń ṣe mí bíi kí n wá ìgbálẹ̀, nítorí ilẹ̀ gbígbá ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ń ṣe kí n tó fọ ẹnu.

Yàrá méjì la ní nínú ilé gígùn kan tí àwọn yàrá rẹ̀ dojú kọ ara wọn. Táyọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ló ń fa omi nínú kànga. Èmi ló ń gbálẹ̀, tí mo sì ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Iṣẹ́ ti Démilàdé, àbíkẹ́yìn wa, kò ju pé kó má jìn sí gọ́tà lọ. Ọjọ́ Sátidé ni ìgbádùn wa: ẹ̀wà tí epo ti bò mọ́lẹ̀, búrẹ́dì tó ṣì gbóná, lẹ́yìn náà eré súwè àti ten-ten títí ẹsẹ̀ wa á fi funfun fún eruku. Ẹni tó bá ṣẹ̀ á kúnlẹ̀, á na ọwọ́ méjèèjì sókè, á dojú kọ ògiri. Màmá wa kì í sábà nani. Wọ́n ní ọmọ tó bá kúnlẹ̀ á ráyè ronú, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bá nà, ẹkún nìkan ló máa ráyè sun.

Télọ̀ ni màmá wa. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn máa ń jókòó bí ẹyẹ lórí bẹ́ǹṣì. Lọ́jọ́ Àìkú, màmá wa ló ń kọ́ àwa ọmọdé ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá wa ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Owódé Onírin. Ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá ti kí èèyàn, tí wọ́n sì ti gbàdúrà sórí oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn.

Àwa mẹ́ta làwọn òbí wa bí, iye yẹn sì kéré lójú àwọn ará ilé wa. Ìyá Sámù tí yàrá wọn kọjú sí tiwa ti bí mẹ́fà, wọ́n sì ń retí èkeje. Èèyàn rere ni wọ́n. Bí òjò bá ń bọ̀, wọ́n á ká aṣọ wa mọ́ tiwọn, bí a kò bá sì rí oúnjẹ nílé, inú ìkòkò wọn là ń lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà là ń lọ. Wọ́n máa ń sọ fún màmá wa pé, "Ìyá Táyọ̀, ẹ̀yìn yín ti ṣófo jù, ẹ wá nǹkan pọ̀n." Màmá wa á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì máa wa máṣínnì wọn lọ.

Ohun tí a kò mọ̀ nígbà náà ni pé ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára màmá wa nígbà tí wọ́n bí Démilàdé. Ohun tí mo rántí nínú rẹ̀ kò ju pé wọ́n pẹ́ ní ọsibítù lọ, tí bàbá wa fi ń se ọbẹ̀ oníyọ̀ fún wa, tí Táyọ̀ sì ń bi wọ́n bóyá inú òkun ni wọ́n ti bu omi rẹ̀. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo gbọ́ pé dókítà pe bàbá wa sí kọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n fi ọmọ bíbí mọ síbẹ̀ bí wọ́n bá ṣì fẹ́ máa rí ìyàwó wọn.

Sátidé kan, màmá wa lọ ra òwú, bàbá wa wà ní ọjà. Táyọ̀ ń wá bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá ṣí àpótí aṣọ bàbá wa. Kò rí bọ́ọ̀lù. Páálí kékeré kan ló rí, tí nǹkan wà nínú rẹ̀ nínú ọ̀rá tó ń dán. Ó já ọ̀kan, ó fẹ́ ẹ, ó di bàlúùnù. Ó ń yọ̀ bí ilá, ìtọ́wò rẹ̀ kò sì dára rárá, nítorí náà mo gbé omi ọṣẹ wá, a fọ gbogbo wọn mọ́. Ọmọ gbogbo ilé la pín in fún. A fi òwú màmá wa so èyí tó kù mọ́ okùn aṣọ, ó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣokoto bàbá Sámù bí ẹni pé a fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí.

Ibi tí a bá eré dé nìyẹn tí àwọn tó ń wàásù káàkiri fún ṣọ́ọ̀ṣì wa fi wọlé. Alàgbà kan ló ṣíwájú wọn, ọkùnrin gíga tó máa ń wọ kóòtù nínú oòrùn. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa. Ìgbà tí Démilàdé sáré lọ bá wọn, tó kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, tó sì fi bàlúùnù kan lé alàgbà náà lọ́wọ́, ni wọ́n wò ó dáadáa. Wọ́n jù ú sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó. Ìyá Sámù jáde síta, wọ́n wo okùn aṣọ, wọ́n sì káwọ́ lérí. Kí ìwàásù ọjọ́ náà tó parí, kò sí ilé tí kò gbọ́ nípa rẹ̀.

Nígbà tí màmá wa dé, a ti kúnlẹ̀ kí wọ́n tó ní ká kúnlẹ̀. Wọ́n wo àwọn nǹkan náà lórí okùn, mo sì rí i pé ẹ̀rín fẹ́ pa wọ́n. Wọ́n jókòó sórí àpótí ìdáná, wọ́n ní ẹni tó ṣí àpótí ẹlòmíì ti jalè, ìdí nìyẹn tí a fi ń kúnlẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá níbẹ̀ kì í ṣe ohun burúkú. Tọkọtaya ló ń lò ó kí wọ́n má baà bí ju agbára wọn lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ohun tí mo sọ fún yín nìyẹn."

Àwọn tó bi wá kò pọ̀. Àwọn tó ń kọrin sí wa ló pọ̀. Wọ́n ń pè wá ní ọmọ onírọ́bà lójú ọ̀nà ilé ìwé, Táyọ̀ sì ja ìjà títí bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fi tán.

Lọ́jọ́ Àìkú, Pásítọ̀ ní kí àwọn òbí wa dúró lẹ́yìn ìsìn. Àwọn alàgbà jókòó níwájú, Ìyá Sámù àti àwọn ìyá ìjọ kan jókòó lápá kan. Àwa ọmọ wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Wọ́n gbàgbé pé ọmọdé ní etí.

Alàgbà oníkóòtù náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní obìnrin tó ń kọ́ ọmọ ìjọ ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò gbọdọ̀ máa dí ọ̀nà mọ́ ọmọ tí Ọlọ́run fẹ́ rán wá. Wọ́n ní bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá di àṣà, ìṣekúṣe ló máa gbòde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè pé, "Arábìnrin, ẹni tó dènà oyún àti ẹni tó ṣẹ́ oyún, ṣé ẹ rí ìyàtọ̀ láàárín wọn ni?"

Màmá wa dìde. "Mo rí i, sà. Mo ti sin ọ̀kan."

Wọ́n wá sọ̀rọ̀ Rónkẹ́, àbúrò wọn, tí àwa kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Inú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan ní Ìjẹ̀bú ni Rónkẹ́ ti lóyún. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ lójú gbogbo èèyàn. Ẹni tó fún un lóyún ń lu dùùrù nínú ìjọ kan náà, kò sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan. Ojú ti Rónkẹ́ débi pé kò lè sọ fún ìyá tó bí i. Ó lọ bá obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì, kò sì bọ̀ láàyè. Ohùn màmá wa kò gbọ̀n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

"Ẹ ní kí àwọn ọmọbìnrin má ṣẹ́yún," ni màmá wa wí. "Èmi náà kò fẹ́ kí wọ́n ṣẹ́ ẹ. Ẹ tún ní kí wọ́n má dènà rẹ̀. Ẹ kò kọ́ ọmọbìnrin, ẹ kò sì bi ọmọkùnrin léèrè. Kí wá ni ẹ ní kí wọ́n ṣe?"

Alàgbà ní kí wọ́n kó ara wọn níjàánu ni. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣe ohun tó wù ú, kó gba ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ojúṣe ọmọ ènìyàn nìyẹn. Ìyá Sámù náà bẹ màmá wa pẹ̀lú omijé, wọ́n ní Ọlọ́run tó la ẹnu kò ní ṣàì fi nǹkan sí i. Mo mọ̀ pé òótọ́ ọkàn wọn ni wọ́n ń sọ.

Màmá wa dá wọn lóhùn pé, "Ojúṣe yẹn gan-an ni mo ṣe. Mẹ́ta ni mo lè bọ́, tí mo lè kọ́, tí mo sì lè wà láàyè fún."

Ni Pásítọ̀ bá yíjú sí bàbá wa. Wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ bi wọ́n bóyá wọ́n tilẹ̀ mọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí, àbí ìyàwó wọn ló dá a ṣe. Ọ̀nà àbáyọ ni wọ́n ṣí fún wọn. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ń retí kí bàbá wa gbà á. Bàbá wa dìde, wọ́n tún bọ́tìnnì ọrùn wọn ṣe.

"Èmi ni mo rà á, sà," ni wọ́n wí. Wọ́n fẹ́ jókòó, wọ́n tún dúró. "Bó bá tán, màá tún rà."

N kò tíì gbọ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níta rí.

Ìdájọ́ tí wọ́n ṣe ni pé kí màmá wa kúnlẹ̀ lójú ìjọ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n sọ pé ojú ti àwọn, kí wọ́n tó lè padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Màmá wa ní, "N kò lè parọ́ nínú ilé Ọlọ́run, sà. Ojú kò tì mí."

Bí wọ́n ṣe gba ẹ̀kọ́ ọmọdé lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Mo rò pé a máa wá ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn lọ, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, màmá wa wé gèlè wọn tó ga jù, wọ́n sì lọ jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe títí wọ́n fi gbé Pásítọ̀ náà lọ sí ìlú mìíràn.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ló wá bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Bí àwọn ọmọṣẹ́ wọn bá ti ń rán aṣọ, màmá wa á máa ṣàlàyé nǹkan oṣù fún wọn, bí oyún ṣe ń dé, bí èèyàn ṣe ń wí pé rárá kó sì jẹ́ rárá, àti ibi tí nọ́ọ̀sì gidi wà bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá agbára. Àwọn òbí kan wá mú ọmọ wọn kúrò. Àwọn kan mú tiwọn wá nítorí rẹ̀, wọ́n kàn ń díbọ́n pé nítorí aṣọ ni. Màmá wa máa ń pe Táyọ̀ náà kó wá tẹ́tí, inú sì máa ń bí i nítorí bọ́ọ̀lù tí kò ráyè gbá.

Ìyá Sámù kò yí èrò wọn padà. Wọ́n bí èkeje, màmá wa rán aṣọ ìkómọ fún wọn láìgba kọ́bọ̀, wọ́n sì jọ ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe jọ ń ṣa ewébẹ̀. Èkeje yẹn ló ń tọ́jú Ìyá Sámù báyìí, wọn kò sì jẹ́ kí màmá wa gbàgbé rẹ̀ lórí fóònù.

Mende ni mò ń gbé báyìí, lẹ́yìn géètì, pẹ̀lú ọkọ mi àti ọmọ méjì. Nígbà èwe wa, wọ́n ní bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn wá, a ti lóyún nìyẹn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ rántí bí a ṣe gbà á gbọ́. Lónìí, gbogbo nǹkan wà lórí fóònù, àwọn ọmọ sì ti rí ohun tó ju ọjọ́ orí wọn lọ. Síbẹ̀, nígbà tí ọmọ aládùúgbò wa kan lóyún lọ́dún tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo gbọ́ nínú ìpàdé ẹ̀sítéètì wa: ọmọbìnrin náà kò kó ara rẹ̀ níjàánu. Mo bèèrè orúkọ ọmọkùnrin tó fún un lóyún. Wọ́n ní kí n má dá ìjà sílẹ̀. Mo tún bèèrè.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin mi bi mí lórí tábìlì oúnjẹ ibi tí ọmọ ti ń wá. Ìyá ọkọ mi wà níbẹ̀, wọ́n ní kó panu mọ́ kó jẹun. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú. Mo gbé ṣíbí mi sílẹ̀, mo sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin láti pálọ̀, kó pa tẹlifíṣọ̀n, kó wá jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan òun náà. Ìyá ọkọ mi gbé abọ́ wọn, wọ́n bọ́ sí kíṣíìnì, wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé gbà-á. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì gbé ohùn mi sókè díẹ̀ kí wọ́n lè máa gbọ́ láti ibi tí wọ́n wà.