Pákó Gbígbẹ tí Mo Rì Sódò

Omi ló tú àṣírí mi. Ká ní ìwé ni wọ́n kó lé orí àga yẹn ni, tàbí abọ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé mo ṣe àṣìṣe. Àmọ́ omi kì í báni pa irọ́ mọ́. Láàárọ̀ Sátidé kan nígbà ọyẹ́, mo wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ Tíṣà Adéwálé ní Ìbà, mo wo àpótí gíláàsì tó wà lórí àga tí mo fọwọ́ ara mi kàn. Omi inú àpótí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí lápá ọ̀tún. Lápá òsì, ó fi ìka méjì relẹ̀. Omi kì í wọ́. Àga mi ló wọ́. Lábẹ́ igun kan, omi ti ń kán tó, tó, tó, sórí sìmẹ́ńtì, àwọn ẹja sì ń lúwẹ̀ẹ́ kiri bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn.

Tíṣà ò pariwo. Ó kàn fọwọ́ lérán.

"Sámúẹ́lì," ó ní, "bí gíláàsì yìí bá fọ́, kò sí òmíràn. Ẹni tó fún mi ti wọkọ̀ lọ sílé rẹ̀."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Tíṣà."

Ọmọ Ọ̀jọ́ ni mí. Bàbá mi ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi létí ọ̀sà, bàbá tó bí wọn náà ń gbẹ́ ẹ, àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì sì tẹ̀ lé wọn. Èmi nìkan ni mo ní káfíńtà ni mo fẹ́ ṣe. Bàbá ò bá mi jà o. Wọ́n kàn wò mí tìyanu-tìyanu, wọ́n ní, "Àga ò léfòó rí, kò sì rì rí. Ṣé iṣẹ́ nìyẹn náà?" Láti ọjọ́ náà, wọn ò béèrè ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi mọ́. Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ráímì ní Ìbà, Bàbá ò fẹsẹ̀ tẹ ṣọ́ọ̀bù wa lọ́jọ́ kan. Ó máa ń dùn mí. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ ó máa ń dùn mí gan-an.

Ọ̀gá Ráímì kúrú, irùngbọ̀n wọn funfun, wọn kì í sì í jágbe mọ́ni. Bí inú bá bí wọn, wọ́n á mú ìfági, irinṣẹ́ tá a fi ń fá ojú pákó kó jọ̀lọ̀, wọ́n á yọ abẹ rẹ̀, wọ́n á máa pọ́n ọn. Bí a bá ti gbọ́ ṣíì-ṣíì lórí òkúta, olúkúlùkù á ti máa wo ohun tó ṣe.

Ní nǹkan bí ọdún 1955, kò tíì pẹ́ tí mo gba fíríìdọ̀ọ̀mù, ìyẹn ẹ̀rí pé mo ti kọ́ṣẹ́ tán, òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹja ní Èkó fẹ́ padà sílé, ó sì fi àpótí kan ta Tíṣà Adéwálé lọ́rẹ. Irin ni igun àpótí náà, gíláàsì ni ara rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi pọ́tì dí gbogbo ibi tí gíláàsì ti kan irin kí omi má baà jò. Ọkọ̀ ojú omi gbé e dé Ọ̀jọ́, ọkùnrin méjì sì fi ọ̀pá gbé e dé Ìbà. Tíṣà ń tẹ̀ lé wọn, "Ẹ rọra o! Ẹ rọra!" títí ohùn fi há a. Ó fẹ́ káwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ rí bí ẹja ṣe ń mí. Ẹja tí ọ̀pọ̀ wọn mọ̀, inú ọbẹ̀ ló ń gbé.

Ó wá bá Ọ̀gá pé kí wọ́n kan àga tí àpótí náà máa jókòó lé. "Tábìlì lásán ò lè gbé e," ó ní. "Garawa omi méje ló máa wọ inú rẹ̀."

Ọ̀gá nawọ́ sí mi. "Sámúẹ́lì ló máa ṣe é. Orúkọ mi ni mo fi dúró fún un."

Wọ́n gbé pákó ìrókò tó ti wà lábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù fún ọdún mẹ́ta lé mi lọ́wọ́. Kò sí pákó gbígbẹ míì ní ṣọ́ọ̀bù wa. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ sí Àgbádárìgì lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n wọn tó ń ṣàìsàn, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dà rú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo wà nílé wa ní Ọ̀jọ́, mo ń ròyìn iṣẹ́ náà fún ìyá mi. Bàbá gbórí sókè.

"Omi, àbí kí lo wí? Omi ló máa gbé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Garawa méje."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ń pọ́n ayùn lọ́wọ́ ni mo rí wọn lójú ọ̀nà, tàwọn ti fìlà abetí ajá wọn. Bàbá mi! Ní ṣọ́ọ̀bù wa! Wọ́n fọwọ́ pa pákó Ọ̀gá, wọ́n mi orí.

"Eléyìí ti gbẹ jù. Igi tó bá máa bá omi gbé, omi ni kó mu yó ká tó kàn án. Bó o bá kàn án ní gbígbẹ, ọjọ́ tí omi bá kàn án ló máa wú, á sì fọ́ mọ́ ọ lójú. Lọ rì í sódò."

Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe irọ́ o. Gbogbo ẹni tó ń gbẹ́ ọkọ̀ létí ọ̀sà wa ló mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe pákó tí wọ́n fi ń lẹ ọkọ̀. Èmi náà sì mọ ohun tí Ọ̀gá fi ọdún márùn-ún kọ́ mi, pé pákó gbígbẹ ni káfíńtà ń lò. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Àmọ́ bàbá mi rèé tó fẹsẹ̀ rìn láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà nítorí iṣẹ́ mi. Ká ní wọ́n ní kí n fi amọ̀ kan àga náà ni, amọ̀ ni ǹ bá fi kàn án. Mo gbé pákó gbígbẹ tí Ọ̀gá mi fún mi lọ sétí ọ̀sà, mo so ó mọ́ òpó, mo rì í fún ọjọ́ márùn-ún.

Mo kan àga náà tọkàntọkàn. N ò lo ìṣó irin. Mo gbẹ́ ihò sára ẹsẹ̀ rẹ̀, mo gbẹ́ ahọ́n sí ẹnu igi ìdábùú, mo ki ahọ́n bọ ihò, mo sì fi èèkàn igi tẹ́ẹ́rẹ́ há a. Kí n lè mọ̀ bó bá lè gbé garawa méje, mo bẹ ìyàwó Ọ̀gá àti ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pé kí wọ́n jókòó lé e. Àwọn méjèèjì kì í ṣe èèyàn kékeré. Àga ò mira.

Ìyá ẹlẹ́kọ ní, "Sámúẹ́lì, ṣé ẹja lo ní ó fẹ́ gbé ni, àbí erin?"

Ọjọ́ tí a bu omi sí àpótí náà, Bàbá fúnra wọn ló gbé ẹja wá láti Ọ̀jọ́, epìyà mẹ́rin àti àrọ̀ kan, nínú igbá. Gbogbo ẹni tó bá yọjú ní fèrèsé ni wọ́n ń sọ fún pé, "Ọmọ mi ló kàn án." Wọ́n sọ ọ́ títí ó fi ń tì mí lójú. Bí mo bá máa sọ òótọ́, n ò fẹ́ kí wọ́n dákẹ́.

Oṣù kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé. Páànù ni wọ́n fi bo yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Tó bá di ọ̀sán, oòrùn á gba ojú fèrèsé wọlé, á máa jó apá kan àga náà. Igi tó ti mu omi yó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, apá kan ń gbẹ kíákíá, èkejì ń falẹ̀, pákó orí rẹ̀ bá lọ́. Gíláàsì tó jókòó lé e ò lè bá a lọ́, pọ́tì ló kọ́kọ́ là. Ohun tó gbé mi dé Sátidé tí mo ń sọ nìyẹn.

A bu omi kúrò, a kó ẹja sínú ìkòkò ńlá méjì. Ọ̀gá, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àgbádárìgì dé, wọlé bá wa. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fi àlùgbẹ́, irin tá a fi ń gbẹ́ ihò sára igi, ha abẹ́ pákó, wọ́n gbé èérún rẹ̀ símú.

"Igi yìí ń rùn bí ọ̀sà." Wọ́n dìde. "Ta ló ní kó o rì í sódò?"

Orúkọ bàbá mi ti dé ẹnu mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ọrùn mi ì bá sì yọ. Mo rántí bí wọ́n ṣe dúró ní ojú fèrèsé yẹn, "Ọmọ mi ló kàn án." Mo ní, "Èmi ni, Ọ̀gá."

Ọ̀gá da èérún náà nù. "Pákó tí mo tọ́jú fún ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fún ọ. Bí àga tó dára ò bá sí níbí lọ́jọ́ kẹjọ, màá gbé iṣẹ́ náà fún káfíńtà ará Àjàǹgbádì, ìwọ náà sì mọ ọ̀nà ọ̀sà." Wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù. Kó tó pẹ́, mo gbọ́ ṣíì-ṣíì.

Mo wá pákó gbígbẹ títí. Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń la igi ní Òkokomáíkò, igi tí wọ́n kó hàn mí ṣì ń sun oje. Ọ̀kan nínú wọn ní tí mo bá lè dúró di ọdún méjì sí i, òun á ṣe é ní ẹ̀dínwó. N ò rí ẹ̀rín rín.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo padà sílé, mo jókòó ti ẹ̀bà, kò lọ. Àwọn tó ń gbé ẹja lọ tà ní Ìbà ti ròyìn délé.

Bàbá ní, "Wọ́n ní àga rẹ wọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Wọ́n ní Ráímì béèrè ẹni tó ní kó o rì í. Kí lo wí?"

Mo wolẹ̀. "Mo ní èmi ni."

Bàbá dìde, wọ́n fa àkàbà lọ sí ilé ìdáná, wọ́n ní kí n gòkè àjà tó wà lókè ààrò. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Gbogbo ilé wa ló mọ̀ ọ́n. Láti ọdún mọ́kànlá ni Bàbá ti to pákó ìrókò jọ síbẹ̀, tó nípọn, tí èéfín ti sọ di dúdú. Wọ́n ní ọmọ ò gbọ́dọ̀ máa sáré kiri wá pákó lọ́jọ́ tí àwọn bá kú.

Ìyá mi ké. "Bàbá Sámú! Pákó yẹn kẹ̀!"

Mo sọ èyí àkọ́kọ́ kalẹ̀, Bàbá fi ìka kàn án. Ó dún ko.

"Ṣé ó gbẹ tó?"

"Bàbá, pákó pósí yín nìyí."

"Mo béèrè pé ṣé ó gbẹ tó. Mi ò bi ọ́ ní orúkọ rẹ̀."

Ìyá mi ní, "Kí la wá máa fi sin yín?"

"Ṣé o ń kánjú ni?"

Mo sunkún lórí àkàbà yẹn, ọkùnrin bíi tèmi. Èéfín ni mo dì í lé lórí, ìyá mi sì ṣe bí ẹni gbà mí gbọ́.

Èmi àti Bàbá la jọ gbé pákó náà dé Ìbà, ìrìn mẹ́ta. Wọn ò jẹ́ kí n bẹ ẹlòmíì. Nígbà tá a dé ṣọ́ọ̀bù, wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi sọ ọ́. "Ráímì, èmi ni mo ní kó rì í."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Mo ti mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ta ló tún máa ri pákó gbígbẹ sódò, bí kì í bá ṣe agbẹ́kọ̀? Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà máa dárúkọ yín ni."

"Kò dárúkọ mi."

"Ìdí tí mo fi fún un lọ́jọ́ mẹ́jọ nìyẹn."

Bàbá wá rọ ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n béèrè ibi tí àwọn ti ṣì í. Ọ̀gá ní, "Inú omi ni ọkọ̀ ń gbé, ẹ̀gbọ́n. Àga yìí, inú ilé ló ń gbé." Bàbá pàtẹ́wọ́. "Láti kékeré ni mo ti ń bá igi ṣeré, mi ò bi í léèrè ibi tó ń gbé rí."

Mo kan àga tuntun. Lọ́jọ́ kẹjọ, Tíṣà fi pọ́tì tuntun dí àpótí rẹ̀, a gbé e lé e, a bu omi sí i, garawa kan tẹ̀ lé òmíràn. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ojú kan wo omi náà láti igun dé igun. Ó dọ́gba pẹ̀lú irin etí àpótí yíká. Wọ́n na ìfági tiwọn sí mi, èyí tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, wọ́n ní kí n máa bá wọn pọ́n ọn láti ọjọ́ náà. Ọyẹ́ mẹ́fà ni mo kà lórí àga yẹn, omi ò fì sápá kan.

Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí, ọwọ́ mi ò gbé ayùn mọ́. Kí n tó fi sílẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n kan nǹkan, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni, "Níbo ni yóò máa gbé?" Àwọn kan rò pé mo fẹ́ mọ ilé wọn ni.

Ọ̀sẹ̀ tá a parí àga náà, mo ra pákó ìrókò tútù ní Òkokomáíkò, mo tò ó sí àjà Bàbá, lókè ààrò, níbi tí tiwọn wà tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti wálé, ìbéèrè wọn kì í yí padà.

"Ó ti gbẹ?"

"Ó kù díẹ̀, Bàbá."

"Jẹ́ kó máa gbẹ. Mi ò kánjú."

Pákó ìrókò kì í lò ju ọdún mẹ́ta lọ lókè ààrò kó tó gbẹ. Nígbà tí Bàbá béèrè kẹ́yìn, ó ti di ọdún kẹrìnlá. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, orí ẹní ni wọ́n wà. Wọ́n ní kí n lọ wò ó dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Mo gun àkàbà lọ, mo fi ìka kan pákó náà, ó dún ko. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó tì wọ́n, mo di ọwọ́ wọn mú.

Mo ní, "Ó kù díẹ̀, Bàbá."