Ariwo Tó Jáde Nínú Ilé Aláìsàn

N kì í ṣe ẹni tó ń tètè bínú, ṣùgbọ́n títí di òní, inú mi máa ń ru tí mo bá rántí ọjọ́ náà.

Àbíkẹ́yìn mi ló fà á. Ó ti jáde nílé ìwé gíga, kò tíì ríṣẹ́, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Isuada. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lókè òkun fi ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù kan ránṣẹ́ sí i, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá ló wà nínú rẹ̀, béésíbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré, èkejì á fi igi gbá a, á sì máa sáré bí ẹni tí oyin ń lé.

Ó ní kí n wá wò ó, pé bó ṣe rí gan-an lójú ayé ni wọ́n ṣe é. Mo jókòó, mo wò ó dáadáa. Mo bi í pé ta ló ń gé koríko pápá yẹn tó fi tẹ́jú tó báyìí. Mo fi àwọn tó jókòó wòran hàn án: ọkùnrin aláṣọ pupa kan, obìnrin onífìlà kan, ọkùnrin aláṣọ pupa yẹn náà tún nìyẹn, obìnrin onífìlà yẹn náà tún nìyẹn, títí dé ìpẹ̀kun ìjókòó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi ojú wọn sílẹ̀, kí n gbọ́ ohùn wọn. Ohùn yẹn, n kò lè purọ́, ohùn èèyàn ni. Bí nǹkan ò bá bọ́ sí i fún wọn, gbogbo wọn á ké "háà" lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ohun burúkú ṣẹlẹ̀ lágboolé.

Ìgbà òjò àkọ́rọ̀ ni. Àwa márùn-ún la jọ ń dá àáró: bí a bá kọ ebè lóko ẹnì kan lónìí, ó di oko ẹlòmíràn lọ́jọ́ mìíràn, títí á fi kárí. Nítorí àgbà tó ti dé sí mi, ọmọ yìí ló ń dúró fún mi. Oko tèmi ló máa gbẹ̀yìn, èèbù iṣu tí mo rà wá láti Okeluse sì ti ń hu lábẹ́ igi lẹ́yìnkùlé.

Lọ́jọ́ tó kan oko bàbá tó jẹ́ olórí àáró wa, ọmọ mi ní orí ń fọ́ òun, òtútù ń mú òun. Mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Kò gbóná lọ títí, ṣùgbọ́n ìyá ni mí. Mo se àgbo kalẹ̀ fún un, mo sì gba oko lọ fúnra mi. N kò lè gbé ọkọ́ mọ́, mo kúkú ń dáná fún wọn. Wọn ò ráhùn. Nígbà tí a ṣíwọ́ lọ́sàn-án, olórí àáró ní ká gba ilé mi kọjá, ká kí aláìsàn. Obìnrin ará Àkókó tó wà nínú wa tilẹ̀ mú ọsàn mélòó kan dání fún un.

A ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí a fi gbọ́ ọ: èrò rẹpẹtẹ, nínú ilé mi, tí wọ́n ké "háà". Ẹni tó fi aláìsàn sílẹ̀ nílé, tó wá gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ẹ mọ ohun tí ọkàn rẹ̀ á lọ bá. Obìnrin ará Àkókó ká ọwọ́ lérí, ọsàn fọ́n ká sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Èmi náà bú sẹ́kún. Olórí àáró ló dì mí lápá mú tí a fi wọlé.

Ọmọ mi jókòó sétí àga, kò wẹ̀wù, ẹ̀pà kún ẹnu rẹ̀. Kò tilẹ̀ yíjú.

"Màámi, ẹ kú àbọ̀. Ó ku díẹ̀ ká borí wọn."

Olórí àáró wo tẹlifíṣọ̀n náà fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń wo iṣu kó tó rà á. Ó ní, "Ṣé àwọn tó ń bá ẹ tọ́jú àìsàn nìyí? Wọ́n mà pọ̀ o." Ó wá kọjú sí mi. "Ìyá, a ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ tiyín, ẹ kúkú ní kí èrò inú àpótí yìí wá bá yín kọ ebè."

Irọ́ náà dùn mí, ìtìjú náà dùn mí, àmọ́ èyí tó dùn mí jù ni pé mo ti sunkún òkú ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà.

Ọjọ́ tèmi pé. Mo se ẹ̀wà, mo gbé e lọ sóko, ó tutù síbẹ̀. Ẹnì kankan ò yọjú.

Nígbà tí mo délé, mo já okùn ẹ̀rọ náà kúrò, mo dì í sínú ìró àtijọ́, mo tì í mọ́ inú àpótí aṣọ mi. Mo gbé ọkọ́ lé ọmọ mi lọ́wọ́. Oko olórí àáró ni mo ní kó kọ́kọ́ lọ, kó lọ san ọjọ́ tó jẹ wọ́n. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí oko tiwa, òun nìkan, nídìí iṣẹ́ tí èèyàn márùn-ún ì bá ti parí lóòjọ́. Èèbù mìíràn ti jẹrà kí ọwọ́ rẹ̀ tó kàn án.

Lọ́jọ́ kẹfà, mo lọ wò ó. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Ó parí ebè kan, ó nàró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó ń retí kí àwọn èèyàn hó yèè fún òun. Ẹyẹ nìkan ló dún.

Mo nàka sí ìsàlẹ̀ oko.

"Ó ku ibẹ̀ yẹn," ni mo wí, mo sì gbé omi rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ igi.