Ẹni Tó Ń Yí Igi Po

Tí ẹ bá pe agégi àdúgbò wa, ẹ múra láti rẹ́rìn-ín. Kò ní tan ẹ̀rọ rẹ̀ àfi tí àbúrò rẹ̀ obìnrin bá ti dúró sẹ́yìn igi. Òun á dúró níwájú, àwọn méjèèjì á wá máa rọra yí igi po, ojú lókè, bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ já bọ́ sójú ọ̀run. Ìbẹ́pẹ tí kò tilẹ̀ lẹ́ka, wọ́n á yí i po. Àwọn aláwàdà ti sọ ọkùnrin náà ní Bàbá Òòyì. Wọn ò mọ̀ pé ojú egbò ni wọ́n ń tẹ̀.

Igi ńlá kan wà lẹ́yìn ilé télọ̀ kan nígbà kan, létí odò, gbòǹgbò rẹ̀ ti ń la ògiri. Òkè rẹ̀ dihò, àlégbà kan sì ń gbé inú ihò náà. Kì í ṣe alángbá ara ògiri o. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ọkùnrin tó nà gbalaja, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ìrù bíi pàṣán. Ara rẹ̀ dúdú, àmì róbótó-róbótó pupa rúsúrúsú tò sí i lára bí ìlẹ̀kẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ là sí méjì, èékánná rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Láàárọ̀, á nà sórí ẹ̀ka, á máa yáàrùn. Tí ebi bá dé, á wọ́ lọ jí ẹyin ẹlẹ́yin nínú ìtẹ́.

Ó ní ọgbọ́n kan. Bí èèyàn bá dé ìdí igi, á lẹ̀ mọ́ èèpo, á yí sẹ́yìn. Tí onítọ̀hún bá lọ sẹ́yìn, òun ti bọ́ síwájú. Ẹnì kan ṣoṣo ò lè rí i láéláé. Ọjọ́ tí télọ̀ pe agégi àti àbúrò rẹ̀ wá wo igi náà ni àbúrò yìí já ọgbọ́n ọ̀hún. Ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń pòòyì, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ó ń bá yín ṣe bojúbojú." Wọ́n gbà pé àwọn méjèèjì á jọ lé e sọ̀kalẹ̀ kí igi tó wó.

Ṣùgbọ́n ẹnu obìnrin yìí ò ní ìlẹ̀kùn. Lójú télọ̀ àtàwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀, ó ròyìn bí ẹ̀gbọ́n òun ṣe há sórí igi lọ́jọ́ kan, tó ń ké pe ìyá wọn. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín títí. Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Lọ́nà ilé, ó ní kó jókòó sílé lọ́la, òun á dá a ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, ó yí igi po, ó tún yí i po, kò rí nǹkan kan. Ó mọ ìdí tí òun ò fi rí i. Ilé ò jìnnà, ṣùgbọ́n ọkàn gíga ò jẹ́ kó ránṣẹ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá àlégbà náà ti lọ sódò. Ó tan ẹ̀rọ.

Nígbà tí igi wó, abẹ́ ẹ̀ka tó ti máa ń yáàrùn ni àlégbà náà wà. Ìrù rẹ̀ mì díẹ̀, ó dákẹ́.

Ọkùnrin náà délé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò rẹ̀ wo ojú rẹ̀, yẹ̀yẹ́ tó fẹ́ ṣe gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ilé ni mo wà, Bùrọ̀dá. Ẹ ò bá pè mí."

Wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ti ọkùnrin náà ò gbẹ̀yìn, iwájú ló ń lọ, ó máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ìdí gbogbo igi.

Nídìí ìbẹ́pẹ ìjẹta, àbúrò rẹ̀ ké láti ẹ̀yìn pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ó ní, "Tún un wò."

Obìnrin tí í fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́ gbójú sókè, ó tún un wò.